Òdì Aṣọ, Abẹ́ Jíìpù

Bí oníbàárà tó mojú àdìrẹ bá dé ọjà Ìtòkú, kì í kọ́kọ́ béèrè iye tí wọ́n ń tà á. Á gbọn aṣọ náà wò, á yí i sódì, á gbé e sínú oòrùn. Aṣọ tí wọ́n rì sínú aró, ọ̀rọ̀ kan náà ni ojú rẹ̀ àti òdì rẹ̀ ń sọ. Èyí tí ẹ̀rọ tẹ iṣẹ́ sí lára, ojú rẹ̀ á máa dán, òdì rẹ̀ á ṣì funfun. Bí ọkàn oníbàárà náà kò bá tíì balẹ̀, á fi omi ra ìka, á fi nu etí aṣọ, á wá wo ìka rẹ̀ bóyá aró ti bá a wá. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti jókòó sídìí òwò àdìrẹ yìí ju 20 ọdún lọ, kò sì sí ẹni tó lè fi ayédèrú aṣọ tàn án. Ṣùgbọ́n lówùúrọ̀ ọjọ́ tó pè mí pé òun ti rí jíìpù tí òun fẹ́ rà, ohun tó kọ́kọ́ ròyìn fún mi ni ọ̀dà rẹ̀. Ó ní ó funfun bí ẹ̀gbọ̀n òwú, awọ ìjókòó rẹ̀ ṣì ń rùn bí ohun tuntun, wọ́n sì ti fọ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ mọ́ tónítóní.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ ti yí i sódì?"

Ó dákẹ́ díẹ̀. "Báwo ni wọ́n ṣe ń yí mọ́tò sódì?"

Ìbéèrè yẹn ni mo fẹ́ dáhùn níbí, nítorí kì í ṣe òun nìkan ló yẹ kó bi í. Ní Abẹ́òkúta lónìí, oníṣòwò tí ọjà bá ti ń tà fún díẹ̀, jíìpù lọkàn rẹ̀ ń lọ sí. Mi ò rí ohun tó burú níbẹ̀. Ohun tó ń dùn mí ni pé owó tí èèyàn fi ọdún mẹ́wàá tu jọ, wákàtí kan péré ló fi ń ná an, lórí ohun tí ojú rẹ̀ rí nìkan.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń rà. Jíìpù ni gbogbo wa ń pe ọkọ̀ yòówù tó bá ga nílẹ̀, tí ẹ̀yìn rẹ̀ sì ní ilẹ̀kùn, bẹ́ẹ̀ orúkọ ọkọ̀ àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ni Jeep nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Èyí tí mò ń sọ níbí ni jíìpù àárín, tí ojú wa ń rí jù: Toyota Highlander, Honda Pilot, Lexus RX, Nissan Pathfinder. Wọn ò tóbi tó Land Cruiser, wọ́n sì ju RAV4 lọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé bó ṣe ga yẹn, ó lè wọ oko, ó lè gun àpáta. Highlander tó wọ ọjà Amẹ́ríkà ní ọdún 2001 kò rí bẹ́ẹ̀. Orí ìpìlẹ̀ Camry ni wọ́n kọ́ ọ lé, ọmọ ìyá kan náà sì lòun àti Lexus RX. Camry tó wọ agbádá ni. Ẹni tó bá mọ èyí kò ní máa gbé e lu kòtò bí ẹni ń wa típà, yóò sì mọ̀ pé búúṣì, ṣọ́ọ̀kì àti bọ́ọ̀lù jọ́ìńtì ló máa kọ́kọ́ ké sí òun, pàápàá nílùú tiwa yìí tó jẹ́ òkè gègèrè, àpáta gègèrè.

Ìbéèrè tí mo tún bi ẹ̀gbọ́n mi lẹ́yìn náà kò kan mọ́tò rárá. Mo ní, "Kí lẹ fẹ́ máa fi í gbé?" Ó kà á fún mi. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ló ń kó àdìrẹ lọ sí Balógun l'Ékòó, ìdì aṣọ funfun ló sì fi ń padà bọ̀. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ó ń gba Ọ̀dẹ̀dá lọ sí Ìbàdàn. Àwọn aláró tó ń bá a ṣiṣẹ́ wà láàárín àwọn ilé àtijọ́ lábẹ́ Olúmọ, níbi tí ọ̀nà ti há débi pé mọ́tò méjì ò lè yà fún ara wọn. Láfikún, òde ń bẹ, ìjọ ń bẹ, ọmọ ń lọ ilé-ìwé. Títí di àsìkò yẹn, Sienna ló ń háyà ní Kútọ̀ fún ẹrù rẹ̀. Ọjọ́ tí awakọ̀ bá rí èrò tó sanwó ju tirẹ̀ lọ, ẹrù rẹ̀ á sùn sí gáréèjì.

Ohun tó sọ yìí ní láárí. Bí wọ́n bá ká ìjókòó ẹ̀yìn Highlander wálẹ̀, ó máa gba ìdì tí Corolla ò lè gbà láéláé. Ṣùgbọ́n epo ń kọ́? Highlander onísílíńdà mẹ́fà máa ń mu nǹkan bíi lítà 12 sí 13 fún 100 kìlómítà, ìyẹn bí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bá pé tí ọ̀nà sì já gaara. Àlọ àti àbọ̀ Ìtòkú sí Balógun kò jìnnà sí 200 kìlómítà. Lítà 25 nìyẹn, kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Sango àti Abúlé Ẹ̀gbá tó gba tirẹ̀. Bí a bá ra lítà kan ní 1,000 náírà, 25,000 náírà ti jóná lójúmọ́ kan ṣoṣo. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ sọ ọ́ di 50,000, oṣù kan sọ ọ́ di 200,000, a ò tíì yí ọ́ìlì, a ò tíì ra táyà. Kí Ààrẹ Tinubu tó kéde lọ́jọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, nǹkan bíi 14,000 náírà ló ń kún táǹkì Highlander, tó ń gba lítà 70 ó lé díẹ̀. Ìṣirò tí àwọn tó ṣáájú wa fi ra jíìpù nígbà yẹn ti bá ìgbà yẹn lọ.

Nítorí náà ni mo ṣe máa ń sọ ọ́ láìfi bò: ẹni tó ń lọ Èkó lẹ́ẹ̀mejì lóṣù, tó jẹ́ báàgì ọwọ́ nìkan ló ń gbé, kò nílò jíìpù onísílíńdà mẹ́fà. Kó ra Corolla, tàbí RAV4 onísílíńdà mẹ́rin bó bá fẹ́ ohun tó ga. Kó tiẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú irin, tó ti ń ná Èkó, Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn láti ọdún 2021. Ọ̀pọ̀ tí mo sọ ọ́ fún ni inú wọn ò dùn sí mi. Ti ẹ̀gbọ́n mi yàtọ̀. A kọ gbogbo owó Sienna tó ń san lóṣù sílẹ̀, a kọ ti ọjà tó pẹ́ dé ọ̀dọ̀ oníbàárà kún un, ó sì ju owó epo lọ. Ó yẹ kó ra ọkọ̀ tó lè gbẹ́rù. Ó wá ku èwo, ẹ jẹ́ ká sì bẹ̀rẹ̀ látorí Tòkunbọ̀.

Ọmọ tí wọ́n bí sókè òkun tí wọ́n gbé wálé là ń sọ ní Tòkunbọ̀. Orúkọ iyì ni. Bó ṣe di orúkọ mọ́tò, ìyà ló fà á. Ọdún 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot pọ̀ ní Kàdúná, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í to Volkswagen pọ̀ l'Ékòó, débi pé tíṣà tó yáwó lẹ́nu iṣẹ́ lè ra Volkswagen Ìjàpá tuntun nínú ọ̀rá. Ọdún 1986 ni ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí wọ́n ń pè ní SAP dé, náírà já wálẹ̀, ọkọ̀ tuntun sì bọ́ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́. Àlòkù àwọn òyìnbó ló kù. A kọ́kọ́ ń pè é ní Bẹ́ljíọ̀mù, torí ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn ti ń wá, kí Tòkunbọ̀ tó gbà á. Ṣùgbọ́n Tòkunbọ̀ tó jẹ́ ọmọ èèyàn, ìyá rẹ̀ ló gbé e wálé, ìyá náà sì lè sọ ọjọ́ tí wọ́n bí i àti àìsàn tó ṣe é. Tòkunbọ̀ ti mọ́tò kì í bá ìyá rẹ̀ wá. Ẹni tó ń tà á ló ń sọ ìtàn rẹ̀, ẹni náà sì fẹ́ gbowó.

Ibi tí ìtàn tòótọ́ ti kọ́kọ́ ń jáde ni nọ́ńbà ṣáásì. Lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 ni, ó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú lápá ọ̀dọ̀ awakọ̀, ó sì tún wà lára òpó ilẹ̀kùn. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ níbi méjèèjì kí ẹ fi wọ́n wé ara wọn. Kò ní lẹ́tà I, O tàbí Q nínú, kí èèyàn má baà ṣì wọ́n kà sí 1 tàbí 0, nítorí náà èyí tó bá ní ọ̀kan nínú wọn, ẹnì kan ló fọwọ́ kọ ọ́. Bó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú J, Japan ni wọ́n ti ṣe é. 1, 4 tàbí 5, Amẹ́ríkà ni. 2, Kánádà. Èyí tó ṣe ìkẹwàá ló ń sọ ọdún ọkọ̀ náà: 6 ni 2006, 8 ni 2008, A ni 2010. Mo ti rí i tí wọ́n pe ọkọ̀ ní 2010, tó jẹ́ pé 7 ló wà ní ìkẹwàá. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n fẹ́ fi nọ́ńbà kan ṣoṣo jí. Bí ọkọ̀ náà bá sì jẹ́ ti Amẹ́ríkà, èèyàn lè sanwó díẹ̀ fún Carfax kí wọ́n fi nọ́ńbà yìí wo ẹ̀yìn rẹ̀: bóyá ó ti forí sọ nǹkan rí, bóyá iléeṣẹ́ adójútòfò ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀ bí òkú ọkọ̀, àti iye máìlì tó ti rìn ní ọjọ́ báyìí báyìí.

Mo dárúkọ máìlì. Ẹ má fojú fò ó o. Ọkọ̀ Amẹ́ríkà, máìlì ló ń kà, kì í ṣe kìlómítà. Ẹni tó rí 140,000 lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, tó sì ń fi kìlómítà rò ó, á rò pé ọkọ̀ náà ṣì lọ́mọdé. Máìlì 140,000 jẹ́ nǹkan bíi 225,000 kìlómítà.

Omi ló burú jù nínú gbogbo ohun tí ọ̀dà lè bò mọ́lẹ̀. Nígbà tí ìjì Katrina jà ní Amẹ́ríkà ní 2005, tí Sandy jà ní 2012, tí Harvey sì ya omi bo Houston ní 2017, ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rọ̀ọ̀rún mọ́tò ló rì. Adójútòfò ń san owó fún olówó ọkọ̀, ọkọ̀ á lọ sí gbàǹjo, púpọ̀ nínú wọn á sì wọ ọkọ̀ òkun. Ní Kútọ́nu tàbí Èkó ni wọ́n á ti sá a, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á fín in ní lọ́fíńdà. Èmi náà ti ra ọ̀kan rí. Ẹni tó tà á fún mi fi ẹnu ọmọlúàbí bá mi sọ̀rọ̀, mo sì gbà á gbọ́. Oṣù kẹta tí mo rà á ni fèrèsé bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀ lóru. Iná dáṣíbọ́ọ̀dù á tàn gbogbo lẹ́ẹ̀kan náà, yóò sì kú lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ti yí bátìrì, mo ti yí àwọn nǹkan tí mi ò lè kà tán, kí rẹwáyà kan tó sọ pé òun fẹ́ ṣí kápẹ́ẹ̀tì ilẹ̀ rẹ̀. Lábẹ́ rẹ̀, ẹrẹ̀ gbígbẹ, ó tín-ín-rín bí ìyẹ̀fun èlùbọ́, kì í ṣe iyẹ̀pẹ̀ ilẹ̀ Ẹ̀gbá. Orí wáyà tí wọ́n so mọ́ra ti di àwọ̀ ewé. Rẹwáyà náà kò sọ̀rọ̀. Ó kàn mú iná tọ́ọ̀ṣì sún mọ́ ọn kí n lè rí i dáadáa. Mo ṣì ń rántí bí inú mi ṣe rí lọ́jọ́ náà, òun ló sì jẹ́ kí n máa tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ yìí fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbọ́.

Ọjọ́ Sátidé ni èmi àti ẹ̀gbọ́n mi jọ lọ wo jíìpù funfun náà. Mo ti bẹ àwọn tó ń tà á lórí fóònù pé kí wọ́n má tan ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kí a tó dé, nítorí àárọ̀ tí ẹ́ńjìnnì tutù ló máa ń sọ òótọ́. Mo gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó gbóná. Wọ́n ní àwọn kàn fẹ́ sún un kúrò nínú oòrùn ni. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo ṣí kọ́kọ́rọ́ láìtan ẹ́ńjìnnì. Níbẹ̀, ó yẹ kí gbogbo iná dáṣíbọ́ọ̀dù yọ, títí kan iná tó ní àwòrán ẹ́ńjìnnì, kí wọ́n tó kú lẹ́yìn tí a bá tan ọkọ̀. Bí iná ẹ́ńjìnnì kò bá yọ rárá, ẹ má dúpẹ́. Ẹnì kan ti pa á lẹ́nu mọ́. Ti jíìpù yìí yọ.

Mẹkáníìkì tó bá wa lọ so ẹ̀rọ síkánì mọ́ ihò tó wà lábẹ́ sítíárìn. Gbogbo ọkọ̀ tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà láti 1996 ló ní ihò yìí. Kò rí àléébù kankan. Ṣùgbọ́n ó fi ohun mìíràn hàn mí: ìdánwò tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ náà máa ń ṣe fún ara rẹ̀, púpọ̀ nínú rẹ̀ ni kò tíì parí. Ìyẹn ni pé kò pẹ́ tí ẹnì kan pa àwọn àléébù rẹ́ lórí rẹ̀, ọkọ̀ náà kò sì tíì rìn tó láti tún wọn kọ. Sílétì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nù ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ nípa mẹkáníìkì yìí, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣubú. Kì í ṣe pé kó mọ iṣẹ́ nìkan. Ta ló máa sanwó fún un? Nínú òwò mọ́tò, ẹni tó bá mú oníbàárà wá máa ń gba nǹkan lọ́wọ́ ẹni tó tà. Bí mẹkáníìkì yín bá mọ̀ pé bí ẹ ò bá rà, òun ò ní í jẹ, báwo lẹ ṣe fẹ́ kó sọ fún yín pé ẹ má rà? Nílé ni ẹ ti máa fún un lówó iṣẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì sọ fún un kedere pé bí ẹ rà, bí ẹ ò rà, owó rẹ̀ pé. Ẹ̀gbọ́n mi ṣe bẹ́ẹ̀ níwájú mi, ó kà á sí i lọ́wọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi ti jókòó sẹ́yìn jíìpù náà títí di ìgbà yìí, ó ń fọwọ́ pa awọ ìjókòó. Mo sọ fún un pé kó fa bẹ́líìtì ìjókòó náà jáde. Ó fà á dé ibi tí gbogbo èèyàn máa ń fà á dé. Mo ní kó máa fà á, kó fà á tán. Ó fà á títí tí kò fi sí mọ́ nínú ihò rẹ̀. Ó ku nǹkan bí ìbú ọwọ́ kan kó dópin ni ìlà kan ti gba ara rẹ̀ kọjá, àwọ̀ ẹrẹ̀, ó gún gẹ́lẹ́ bí ìlà tí àgbàrá máa ń fi sára ògiri. Kò bi mí léèrè ohun tó jẹ́. Ó fi ahọ́n ra ìka rẹ̀, ó fi nu ìlà náà, ó sì gbé ìka náà síta oòrùn, ó wò ó.

"Ó ti ṣí," ló wí. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó kí àwọn ọmọkùnrin ibẹ̀ pé wọ́n ṣeun, ó sì bọ́ sójú ọ̀nà.

Bí omi kò bá sí lára ọkọ̀, iṣẹ́ ṣì kù. Ẹ ṣí ìdérí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, kí ẹ wo abẹ́ rẹ̀. Bó bá funfun bí ògì, omi ti dà pọ̀ mọ́ ọ́ìlì. Ẹ wo èéfín rẹ̀ bí wọ́n bá tan án: èyí tó bá rí bí aró ń jó ọ́ìlì, èyí tó bá funfun tí kò dáwọ́ dúró lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì gbóná ń jó omi, dúdú sì ń fi epo ṣòfò. Ẹ ta omi gíà sórí bébà funfun bí ọkọ̀ náà bá ní ọ̀pá ìwọ̀n rẹ̀. Ó yẹ kó pupa. Bó bá dúdú tó sì ń rùn bí ohun tó jóná, gíà ti fẹ́ kú, gíà tuntun fún jíìpù sì lè gba owó tí èèyàn fi ń kọ́lé.

Ìdánwò gíà kò sí níbi tó dára tó Abẹ́òkúta. Ẹ gbé e gba Pànṣẹ́kẹ́ lọ sí Òkè-Ìlewó. Ẹ wá ibi tí ọ̀nà ti gun òkè, kí ẹ dúró pátápátá níbẹ̀, kí ẹ tún gbéra. Gíà tó dára á gbé yín lọ jẹ́jẹ́. Èyí tó ti ń lọ, ẹ́ńjìnnì á máa ké, mọ́tò kò ní sún, lẹ́yìn náà ni yóò ta kìjí bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun. Awakọ̀ Èkó tó ń fi ojú ọ̀nà tó tẹ́jú dán ọkọ̀ wò kò lè rí èyí.

Ní ti orúkọ ọkọ̀, mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Bí èèyàn bá ń gbé ní Abẹ́òkúta, Highlander ni mo máa ní kó wò ṣáájú, ìdí rẹ̀ sì ni Sienna. Irú ẹ́ńjìnnì 3.3 tó wà nínú Highlander 2004 sí 2007 ló wà nínú Sienna 2004 sí 2006, Sienna sì ni gbogbo gáréèjì fi ń kérò. Ẹ̀yà ara rẹ̀ kò wọ́n ní ọjà Ládípọ̀ l'Ékòó, kò sì sí ọmọṣẹ́ mẹkáníìkì tí kò tíì tú u rí. Bẹ́líìtì kan wà nínú ẹ́ńjìnnì yìí tí Toyota ní kí á máa yí ní gbogbo máìlì 90,000. Ti 2008 síwájú, ẹ́ńjìnnì 3.5, ṣéènì ló ní, kò nílò bẹ́líìtì yẹn, àmọ́ àwọn tó kọ́kọ́ jáde nínú wọn ní páìpù rọ́bà kan tó ń gbé ọ́ìlì, tó lè bẹ́ lójijì kí gbogbo ọ́ìlì sì dà nù, Toyota sì ti fi onírin rọ́pò rẹ̀ lára ọ̀pọ̀. Ẹ ní kí wọ́n wò ó. Honda Pilot dùn ún wà, inú rẹ̀ sì láàyè, ṣùgbọ́n ti 2003 àti 2004 wà lára àwọn tí Honda pè padà ní 2004 nítorí gíà. Bẹ́líìtì ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bá sì já lójú ọ̀nà, fáàfù àti písítọ̀nì á kọlu ara wọn, ẹ́ńjìnnì lọ nìyẹn.

Ìwé ọkọ̀ ńkọ́? Àwa tí à ń gbé ní ìpínlẹ̀ Ògùn kò jìnnà sí ẹnubodè. Ìdìrókò àti Ìmẹ̀kọ wà lẹ́yìnkùlé wa, fàyàwọ́ sì ti di ohun tí ọmọdé mọ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2017 ni ìjọba àpapọ̀ ti fòfin de gbígbé mọ́tò wọlé gba orí ilẹ̀, ìbáà ṣe tuntun, ìbáà ṣe àlòkù. Èbúté ojú omi nìkan ló kù. Nítorí náà, ọkọ̀ tó gba inú igbó Kútọ́nu wọlé lẹ́yìn ìgbà náà, bó ti wù kí ìwé rẹ̀ lẹ́wà tó, àwọn aṣọ́bodè lè dá a dúró, kí wọ́n sì gbà á lọ́wọ́ ẹni tó fi owó gidi rà á. Ní 2024, wọ́n fún àwọn tí owó ibodè ọkọ̀ wọn kò pé ní 90 ọjọ́ láti wá san án pẹ̀lú ìtanràn ìdá 25 nínú 100. Mo mọ àwọn tó sáré lọ san án nígbà náà tí ojú wọn pọ́n, nítorí wọ́n rò pé àwọn ti sanwó yẹn lọ́wọ́ ẹni tó ta mọ́tò. Ẹ mú ìwé owó ibodè lọ fún aṣojú tó ń báni gbẹ́rù ní èbúté kó bá yín yẹ̀ ẹ́ wò, kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Ìwé ìwakọ̀ lójú pópó àti ìdójútòfò kò le tó ìyẹn. Ìdójútòfò tó kéré jù fún ọkọ̀ àdáni ti di 15,000 náírà láti ọdún 2023.

Owó tí ẹ ní lọ́wọ́ kọ́ ni owó tí ẹ máa fi ra ọkọ̀. Mo ní kí ẹ̀gbọ́n mi pín tirẹ̀ sí ọ̀nà márùn-ún, kó yọ ìdá kan sápá kan, kó gbàgbé pé ó wà. Kò sí àlòkù tí kì í béèrè owó láàárín oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́. Ẹni tó ná gbogbo rẹ̀ sórí ọ̀dà tó ń dán máa ń gbé jíìpù sílẹ̀ fún táyà mẹ́rin, á sì tún padà sí gáréèjì Kútọ̀ lọ háyà Sienna.

Ohun kan wà tí a jọ jiyàn lé lórí. Ó gbà pé Tòkunbọ̀ ló dára jù nígbàkígbà, pé ọkọ̀ tí wọ́n ti lò nílé ti gbó. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀ mọ́. Tòkunbọ̀ tí a mọ ìtàn rẹ̀ dára, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n láàárín Tòkunbọ̀ tí ìtàn rẹ̀ rì sínú òkun, àti ọkọ̀ tí ẹnì kan ti ń wà ní Àṣẹ̀rò tàbí Òbáńtokò láti ọdún mẹ́fà, tí mo lè bá mẹkáníìkì rẹ̀ sọ̀rọ̀, tí mo lè bi ará ilé rẹ̀ bóyá ó máa ń rí i tí wọ́n ń tì í lówùúrọ̀, èyí tó wà nílé ni mo máa mú. Àwọn èèyàn tó ń kó lọ sókè òkun sì pọ̀ nísinsin yìí. Wọ́n ń ta mọ́tò wọn, ọjọ́ ìrìn àjò ń lé wọn, wọn ò sì ní àkókò láti fín lọ́fíńdà sí i.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn jíìpù funfun náà ni a gbọ́ nípa nọ́ọ̀sì kan tó ń lọ sí Ìlú Ọba. Highlander 2006 ni, àwọ̀ eérú, ọ̀dà tó bá a wá láti iléeṣẹ́ ló ṣì wà lára rẹ̀, oòrùn ti jẹ orí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Nọ́ọ̀sì náà kó ìwé jáde nínú àpò ọ̀rá: ìwé owó ibodè, rìsíìtì ọ́ìlì, rìsíìtì ráàdíétọ̀, àti nọ́ńbà fóònù mẹkáníìkì rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi fa gbogbo bẹ́líìtì ìjókòó jáde, ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí dópin. Ó gbé táyà ìpààrọ̀ wò, ó fọwọ́ kan ibi tó wà. A gbé ọkọ̀ gun òkè, a dúró, a tún gbéra. Mẹkáníìkì nọ́ọ̀sì sọ fún wa lórí fóònù, láìjẹ́ pé a bi í, pé kò sẹ́ni tó tíì yí bẹ́líìtì ẹ́ńjìnnì rẹ̀ láti ìgbà tí òun ti mọ̀ ọ́n, àti pé òun ti sọ ọ́ títí.

Ó rà á. Ìdá kan tó yà sọ́tọ̀ ló fi yí bẹ́líìtì náà àti pọ́ńbù omi, ó fi ra táyà méjì, díẹ̀ sì kù. Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, ìdì àdìrẹ mọ́kànlá ló wà nínú rẹ̀ nígbà tó gba Lafẹ́nwá jáde lọ s'Ékòó. Orí bọ́nẹ́ẹ̀tì náà ṣì ṣí bẹ́ẹ̀. Kò tíì kùn ún.